Ẹ Kú Oríire Ìka Mẹ́wàá: Ìkíni láti Ìdànrè sí Ìkọ́ Reluwé

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2026 ló pé ọdún 125 géérégé tí Gómìnà William MacGregor ṣí ọ̀nà ojú irin tó ti Èkó wọ Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2026 yìí kan náà ló pé ọdún 5 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí òmíràn tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, láàrin Èkó àti Ìbàdàn náà. Ayẹyẹ méjì, ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì, kó kí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba, ẹnu rẹ̀ ni, a ò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi ọmọ Ìdànrè, ọmọ Ùfẹ̀ Òkè, ìkọ́ ni mo wá kí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa bèèrè pé ìkọ́ wo. Ìkọ́ irin ńlá tó wà ní iwájú àti ẹ̀yìn kóòṣì kọ̀ọ̀kan ni, èyí tí kóòṣì kan fi ń di èkejì mú. Bí ẹ bá dúró lórí pèpéle ibùdókọ̀ reluwé ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, tí ẹ sì bẹjú wo àlàfo tó wà láàrin kóòṣì méjì, ẹ ó rí i níbẹ̀: irin méjì tó dúdú, tí gíríìsì ti bò, tí wọ́n ká ìka wọ ara wọn bí ọmọdé méjì tó ń fi ìka kọ́ ìka láti bá ara wọn mulẹ̀. Èrò tó ń sáré wọlé kì í wò ó. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wá, àti ibi tí wọ́n máa gbé ẹrù sí. Bẹ́ẹ̀ òun ló máa fa gbogbo wọn délé. Ẹ́ńjìnnì lágbára, ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìkọ́, ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò dé Ìbàdàn. Àwa èrò á ṣì wà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, a ó máa bú dírẹ́bà.

Kí ẹ tó mọ ìdí tí mo fi ń jó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí kí ìkọ́ yìí tó dé. Ní Amẹ́ríkà ní bí ọdún 150 sẹ́yìn, òrùka irin gígùn kan àti ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi ń so wágọ́ọ̀nù pọ̀. Òṣìṣẹ́ á dúró sáàárín wágọ́ọ̀nù méjì. Ọ̀kan wà lójú kan, èkejì ń yí bọ̀ wá bá a. Á fi ọwọ́ kan di òrùka mú kó lè wọ ihò tó ń bọ̀, á fi ọwọ́ kejì ju ọ̀pá sínú ihò náà gẹ́lẹ́ tí irin méjèèjì bá pàdé. Bó bá yára jù, ọ̀pá ò ní wọlé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ìka ló máa wọlé. Ìbáà ṣòru, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ pé yìnyín ti bo ojú irin, iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan bá wá wáṣẹ́, ọ̀gá a máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ìka kan tàbí méjì bá ti lọ, ọ̀gá mọ̀ pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Ọwọ́ tí kò pé ni ìwé ẹ̀rí.

Láàrin 1877 sí 1887, nínú gbogbo jàǹbá 100 tó ṣe àwọn òṣìṣẹ́ reluwé Amẹ́ríkà, bí 38 ló wáyé nídìí kíkọ́ wágọ́ọ̀nù mọ́ra. Ní 1892 nìkan, jàǹbá irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, láti Oǹdó dé Ìdànrè, a mọ̀ pé irin ní olówó, ajá la sì fi ń bọ Ògún. Ní yáàdì reluwé ayé ìgbà náà, ìka ènìyàn ni irin ń gbà lójoojúmọ́, kì í dúró de ọjọ́ ọdún.

Ibẹ̀ ni Eli Janney ti wọlé, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ Virginia ni, wọ́n bí i ní 1831. Ó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lápá àwọn tó fìdí rẹmi, tí wọ́n jà nítorí àtifi ènìyàn dúdú sílẹ̀ nínú oko ẹrú. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé à ń ṣọdún. Nígbà tí ogun parí, ó di akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Alexandria. Kì í ṣe ẹnjiníà, kò sì kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀bẹ àpò ló fi gbẹ́ ìkọ́ náà lára igi, ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń tún un gbẹ́, títí igi méjì fi mọ bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1873, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ nọ́ḿbà 138,405.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Orí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìka irin kan tó ń yí lórí ọ̀pá òòró. Bí ìka ti ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀, tí wágọ́ọ̀nù kejì sì rọra wá kàn án, ìka náà á yí wọlé fúnra rẹ̀, irin mìíràn nínú ìkọ́ á sì já bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, á tì í pa. Gbàgà! Ó parí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Eré tí wọ́n fi ń pàdé kò gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, ọ̀pá kan wà tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ wágọ́ọ̀nù. Òṣìṣẹ́ á dúró níta gbangba, á gbé ọ̀pá sókè, irin tó ti ìka pa á gbéra, ẹ́ńjìnnì á fà, wọ́n á pínyà. Ìbáà jẹ́ kíkọ́, ìbáà jẹ́ títú, ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn wà, kì í ṣe àárín.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ìka irin yẹn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó jẹ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ bí agbára bá pọ̀ jù, nítorí pé òun ló rọrùn láti pààrọ̀ lójú ọ̀nà. Nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ti Amẹ́ríkà, ó ń wọn nǹkan bíi kílò 36. Ọkùnrin kan lè gbé e, á kàn kérora díẹ̀. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá máa ṣẹ́ láàrin kóòṣì méjì lónìí, ìka irin ni yóò ṣẹ́. Ti ènìyàn á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, á fi jẹun alẹ́.

Kì í ṣe ìkọ́ nìkan ló wà láàrin kóòṣì méjì. Rọ́bà afẹ́fẹ́ ti bíréèkì ṣì ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ohun gbogbo bá ti dúró ni wọ́n ń so ó. Rọ́bà yìí náà yẹ kó jẹ nínú àsè wa. George Westinghouse ló ṣètò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí kóòṣì bá já nínú ìrìn, rọ́bà á já pẹ̀lú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á tú jáde, bíréèkì gbogbo kóòṣì á sì mú fúnra wọn. Àwa tí à ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè mọ ohun tí ẹrù tó bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè ṣe fún ilé tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ lè rò pé ní ọjọ́ kejì tí Janney gbé ìkọ́ rẹ̀ jáde ni gbogbo ilé iṣẹ́ reluwé sáré lọ rà á. Rárá o! Ìkọ́ gbówó lórí, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ lójà. Bí ọ̀kan bá gé ìka, òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọrọ iṣẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olúkúlùkù ló ní irú ìkọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ẹ̀tọ́ ni ìjọba ti fún àwọn tó ń ṣe ìkọ́ reluwé. Ó di bí 1887 sí 1888 kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan kóòṣì tó gbà pé ti Janney ni kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ yọ̀ǹda bátànì ojú ìkọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni lè ṣe èyí tí yóò bá a kọ́ra. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, mo sì kí wọn fún un.

Ẹni tí mo fẹ́ kí onílù kì dáadáa ni Lorenzo Coffin. Àgbẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ní 1874, ó wà nítòsí ibi tí òṣìṣẹ́ kan ti pàdánù ìka méjì nídìí kíkọ́ wágọ́ọ̀nù. Ẹlòmíràn á ní pẹ̀lẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá yìí ò lọ. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn, ó sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde níbi ìpàdé tí wọn ò pè é sí. Nígbà tí wọ́n sì fi í ṣe kọmíṣọ́nnà reluwé ní Iowa ní 1883, ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ọ́fíìsì. Ó rìn ín títí, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1893, Ààrẹ Benjamin Harrison fọwọ́ sí òfin pé dandan ni kí ọkọ̀ reluwé tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní ìkọ́ tó ń kọ́ ara rẹ̀ àti bíréèkì afẹ́fẹ́. Ọjọ́ méjì péré ló kù fún Ààrẹ náà lórí oyè. Àwọn ilé iṣẹ́ tún bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò, ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1900 kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ní 1902, àwọn jàǹbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti wálẹ̀ sí díẹ̀ lé ní 2,000, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ń pọ̀ sí i ni. Ẹ fọn fèrè! Ẹ wo bí ìka ti pọ̀ tó tó wà lọ́wọ́ olówó wọn. Ẹ wo iye bàbá tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ nítorí irin kan tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù gbẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tí kì í tán lára mi. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1900 kan náà, ní Promontory ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Johnson lọ kọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ kóòṣì ilé oúnjẹ. Ẹ́ńjìnnì ní ìkọ́ Janney. Kóòṣì ní ìkọ́ Miller. Méjèèjì ló ń kọ́ ara wọn láìfọwọ́kàn, bí wọ́n bá pàdé irú tiwọn. Ṣùgbọ́n Janney ò mọ Miller, Miller ò mọ Janney. Johnson gbìyànjú títí wọn ò kọ́, ló bá bọ́ sáàárín wọn láti fi ọwọ́ ṣe é lọ́nà àtijọ́. Irin pàdé, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ní láti gé e.

Ó gbé ilé iṣẹ́ Southern Pacific lọ sílé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ ní kí ló ń wí, ṣebí ìkọ́ ìgbàlódé ló wà lára àwọn méjèèjì? Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe kóòṣì, òfin ò sì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ ìsàlẹ̀ gbà fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Kejìlá ọdún 1904 ni Adájọ́ Àgbà Fuller sì dá a pé Johnson ló jàre. Ìkọ́ tí òfin ń béèrè ni èyí tó lè bá ìkọ́ tó bá pàdé kọ́ra, kì í ṣe èyí tó lè kọ́ra bó bá wù ú. Ẹ́ńjìnnì náà sì wà nínú òfin. Bí mo bá láṣẹ, gbogbo ẹnjiníà tó ń rajà fún ìjọba Nàìjíríà, tí wọ́n á ra tibí ní Ṣáínà, kí wọ́n ra tọ̀hún ní Jámánì, ni màá ní kí wọ́n há ẹjọ́ Johnson sórí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ó wá kan ará ilé. Andrew Jackson Beard: ẹ dìde fún un! Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1849, ní ẹkùn Jefferson ní Alabama. Bí ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gba òmìnira. Ó ṣe àgbẹ̀, ó ní ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò sí irin. Ó ṣe ohun ìtúlẹ̀ kan, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1881, ó tà á ní 4,000 dọ́là. Ó tún ṣe òmíràn ní 1887, ó tà á ní 5,200. Ní 1892, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ́ńjìnnì onísítíìmù kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1897 ni ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ nọ́ḿbà 594,059 lórí ìkọ́ reluwé tó ń kọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì ní 50,000 dọ́là ló rí lórí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ ẹrú tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní Alabama nígbà yẹn! Ní 1899 ó tún ìkọ́ náà ṣe, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ mìíràn. Ó kú ní 1921, ní 2006 sì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn olùdásílẹ̀ nǹkan tuntun ní Amẹ́ríkà. Ogún ọdún géérégé nìyẹn pẹ̀lú ní 2026, ayẹyẹ wa ti di mẹ́ta.

Àwọn kan a máa sọ pé Beard ló dá ìkọ́ náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, pé òyìnbó ló jí i. Wọn ò nílò irọ́ yẹn. Janney ti gba tirẹ̀ ní ọdún 24 ṣáájú. Beard wà lára àwọn tó tún un ṣe. Ẹni tó bọ́ lóko ẹrú láìní ilé ẹ̀kọ́, tó wá jókòó síbi tí àwọn ọ̀gá ẹnjiníà jókòó sí, tó sì rí ohun tí wọn ò rí, oríkì tirẹ̀ tó o láìyá ti ẹlòmíràn.

Mo tún kí àwọn ará Japan. Ìkọ́ ìgbà àtijọ́ tí wọ́n ń lò ń fa jàǹbá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní fi ogún ọdún pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n so ìkọ́ tuntun rọ̀ sábẹ́ wágọ́ọ̀nù ṣáájú ọjọ́ náà, kó lè wà nítòsí. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1925, wọ́n dá ọkọ̀ ẹrù dúró ní gbogbo erékùṣù Honshu, òṣìṣẹ́ sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti sípánà. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n tú ti àtijọ́ tí wọ́n de ti tuntun. Ìwọ̀n ojú irin wọn, mílímítà 1,067, òun náà ni ti ojú irin àtijọ́ wa tó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé nǹkan ńlá ò ṣeé ṣe lórí ojú irin tóóró, ẹ rán an lọ sí Japan. Ilẹ̀ Yúróòpù ńkọ́? Títí dòní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù wọn ṣì ń lo ìkọ́ oníṣúrúù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ àárín wágọ́ọ̀nù kó tó lè fi ọwọ́ dè é. Ẹ ò rí nǹkan!

Ilé wá là ń bọ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó. Ọdún 1896 náà ni ìtàn ìlú wa sọ pé wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sórí Òkè Ìdànrè, nígbà tí ìlú ṣì wà lókè, tí ènìyàn ò tíì máa sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí Odóde. Irin dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó kan Ìbàdàn ní ìparí 1900, ọdún kan náà tí òfin ìkọ́ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1912, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kánò, ó di Reluwé Nàìjíríà. Lára ojú irin yìí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ta gbòǹgbò nílẹ̀ wa. Michael Imoudu tó kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde ní 1941, tó sì wà níwájú ìyanṣẹ́lódì ńlá 1945, ọmọ reluwé ni.

Bí ẹ bá wọkọ̀ lónìí ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, tí ẹ gba ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta dé ti Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà, kìlómítà 157 ni ẹ rìn láti Èkó, lórí ojú irin tó fẹ̀ tó mílímítà 1,435. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe àwọn kóòṣì náà, ìran ìkọ́ Janney ni Ṣáínà sì ń lò. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ẹ tẹ́tí: ẹ ó gbọ́ bí ìró irin ṣe ń ti ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, kóòṣì kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ẹrù tirẹ̀. Ní tèmi o, ìró yẹn dùn ju fèrè lọ.

Ẹ gbà mí láyè kí n fi ẹnu kan bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Gbogbo wa la rí àwòrán ayé ìjelòó, tí ènìyàn ń gun orí òrùlé ọkọ̀ láti Ìjú dé Ìdó, tí àwọn mìíràn ń jókòó sáàárín kóòṣì nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Orí ìkọ́ kì í ṣe àga. Ẹni tí ìkọ́ wá dá nídè kò yẹ kó padà lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ ọ́.

Ẹnì kan á ní kí ló wá kan Ìdànrè nínú gbogbo èyí. Òótọ́ ni, reluwé ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ti Òṣogbo wà lókè lọ́hùn-ún, ti Ìtakpẹ́ sí Wàrì tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 wà níhà ìlà-oòrùn, àwa wà láàrin ojú irin méjì, ọ̀kankan ò sì kàn wá. Lọ́rì ló ń gbé kòkó wa, tirélà ló ń gbé e lọ sí èbúté, ojú ọ̀nà sì ń sunkún. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iyì ìka ju àgbẹ̀ kòkó lọ? Ìka ló ń fi àdá já kòkó lórí igi, ìka ló ń fọ́ ọ, ìka ló ń yọ hóró rẹ̀ jáde, ìka ló ń tú u nínú oòrùn, ìka náà ló sì ń ka owó rẹ̀ bí owó bá dé. Ìlú tó ń fi kòkó jẹun, bó bá gbọ́ pé irin kan wà tó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìka sí, kò gbọ́dọ̀ máa wòran.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa títí láé. Ìlà reluwé láti Èkó sí Calabar tí ìjọba àpapọ̀ bá iléeṣẹ́ Ṣáínà kan fọwọ́ sí ní 2014 ya Ọ̀rẹ̀ sínú àwòrán rẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níhìn-ín. Orí ìwé ló ṣì wà. Ìwé náà ń gbó, àwa náà ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ tí wágọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ bá dé Ọ̀rẹ̀ tí wọ́n ń di àpò kòkó Ìdànrè sínú rẹ̀, ẹ wá mi wá síbẹ̀.

Ó ku ìkíni. Ẹ̀yin ṣọ́ńtà, tí ẹ ń kọ́ kóòṣì mọ́ra ní yáàdì Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ti Òṣogbo, ti Ìlọrin àti ti Mọ́níyà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òru, ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin gáàdì tí ẹ ń fi àsíá pe ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọra kan kóòṣì tí èrò inú rẹ̀ ò fi ní da tíì sára, ọwọ́ yín á máa mọ̀ ọ́n sí i. Ẹ̀yin bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ bá irin jìjàkadì kí nǹkan tó rọrùn, ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ wọn tó ń gbà wọ́n sílé láàárọ̀, ẹ kú oríire ọkọ tó dé pẹ̀lú ìka mẹ́wàá.

Ẹ̀yin aláṣẹ reluwé, ẹ má fi àkàrà òyìnbó nìkan ṣe ọdún 125. Ẹ ra ìka irin àfipamọ́ sílẹ̀, ẹ fi gíríìsì sí èyí tó wà lára ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti sán, ẹ fún ṣọ́ńtà ní ìbọ̀wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìdànrè àti Àkúrẹ́, bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ wo Èkó, ẹ kó wọn gba ti reluwé, kí ẹ sì mú wọn dúró lórí pèpéle kí wọ́n wo ìkọ́ dáadáa kí wọ́n tó wọlé. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣe é, ẹ dárúkọ Janney, ẹ dárúkọ Beard, ẹ sì bá mi kí Lorenzo Coffin, àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa.

Onílù, ó yá!